Bí a ṣe ń fi ọwọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ wọ́ apá tàbí ẹsẹ̀ tó wú

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí mo ń pè ní Ìyá, tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta, ni mo fi kọ́ iṣẹ́ yìí. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn nítorí jẹjẹrẹ ọmú, dókítà sì yọ àwọn kókó tó wà ní abíyá ọ̀tún wọn mọ́ ọn. Ojú ọgbẹ́ jinná, a dúpẹ́, kálukú padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó lé ní ọdún kan kí wọ́n tó dédé sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé ọwọ́ bùbá ti ń há àwọn lápá ọ̀tún, pé ti òsì kò há. Kò pẹ́ sí i, òrùka kò ṣeé bọ́ mọ́. Bí ẹ bá fi ìka tẹ apá náà, kòtò á wà níbẹ̀ bíi ti ẹni tó tẹ ẹ̀kọ tútù.

Aládùúgbò kan mú ọkùnrin kan wá tó ní òun mọ ara wọ́. Ó da ìpara gbígbóná sí i, ó gbé àtàǹpàkò lé e, ó ń fún apá náà bí ẹni ń fún aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú aró. Ìyá ń ké. Ó ní kí wọ́n fara dà á, pé omi yẹn ló ń jáde. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, apá ti pọ́n, ó sì ti wú ju ti àná lọ.

Físíò (ẹni tó ń fi ìwọ́ra àti eré ìdárayá tọ́jú ara) tí wọ́n padà ní ká lọ rí nílé ìwòsàn kò bá wa jà. Ó wo apá náà, ó wò mí, ó ní èmi ni máa máa bá wọn ṣe é nílé, kí n gbé ọwọ́ mi wá. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé apá mi, ó dà bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan. Mo ní, ṣé ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni? Ó ní òun ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta.

Ohun tó kọ́ mi ni mo kọ sísàlẹ̀ yìí, pẹ̀lú èyí tí mo ti kà kún un àti èyí tí ọwọ́ mi ti mọ̀ látìgbà náà. Ẹni tí dókítà ti wò, tó ti mọ ohun tó mú apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Ibi tí omi náà ń lọ

Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn nínú wa, omi díẹ̀díẹ̀ ń sun jáde lára àwọn òpó rẹ̀ tó kéré jù, kó lè bọ́ ẹran ara. Èyí tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí ẹran ara ti gba tirẹ̀ lè tó lítà 3 lójúmọ́. Àwọn òpó mìíràn ló ń kó o, òpó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó tẹ́ sábẹ́ awọ wa káàkiri. Límfù làwọn oníṣègùn ń pe omi inú wọn. Lójú ọ̀nà, ó ń gba inú àwọn kókó kéékèèké kọjá: ní ọrùn, ní abíyá, níbi tí itan ti bá ikùn pàdé. Ibẹ̀ ni ara ti ń yẹ ẹ́ wò bóyá kòkòrò àrùn bá a wọlé. Kókó tó máa ń yọ sí ọmọdé lókè itan bó bá fi ẹsẹ̀ gún ìṣó, ọ̀kan nínú wọn ni.

Ibi yòówù kí omi náà ti wá, ìsàlẹ̀ ọrùn ló ń parí sí. Ẹ fọwọ́ kan egungun tó dábùú láti ọ̀fun yín dé èjìká; lẹ́yìn rẹ̀, lọ́tùn-ún àti lósì, ni omi yìí ti ń padà wọnú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ òsì ló ń gba ẹrù tó pọ̀: ẹsẹ̀ méjèèjì, ikùn, apá òsì, àyà òsì àti ìdajì orí. Ọ̀tún ń gba apá ọ̀tún, àyà ọ̀tún àti ìdajì orí tó kù.

Ẹ̀jẹ̀ ní ọkàn tó ń tì í. Omi yìí kò ní irú ẹ̀. Ara òpó rẹ̀ ń sún kì díẹ̀díẹ̀, iṣan tó ń ṣiṣẹ́ ń tẹ̀ ẹ́, èémí tó ń wọlé tó ń jáde ń fà á. Ohun tó fi ń di wàhálà nìyẹn nígbà tí wọ́n bá yọ kókó, tàbí tí òpó bá bàjẹ́: ọ̀nà ti dí, omi ṣì ń bọ̀.

Ẹni tó bá dàgbà sí ìsàlẹ̀ Olúmọ á mọ ọ̀rọ̀ gọ́tà. Bí gọ́tà bá dí lásìkò òjò, tẹ́ ẹ bá gbá omi láti òkè wá, ilé ẹni tó wà nísàlẹ̀ lẹ ń dà á sí. Ẹnu gọ́tà tó wà nísàlẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ là, kẹ́ ẹ tó máa gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìwọ́ra yìí. Ọrùn la ti ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí kò dun ẹnikẹ́ni. Apá tó wú ló ń kẹ́yìn, ìka ọwọ́ ló sì ń kẹ́yìn pátápátá. Ọkùnrin tó fún apá Ìyá ní ìfúnkúfùn-ún, ìka ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó ń ti omi lọ sí ibi tí ọ̀nà ti dí.

Ọ̀rọ̀ agbára náà ńkọ́? Àwọn òpó tí mo sọ yẹn wà lókè, lábẹ́ awọ gan-an. Okùn tín-ín-rín ló so ògiri wọn mọ́ ẹran tó yí wọn ká. Bí awọ bá nà díẹ̀, okùn á fa ògiri náà, ẹnu rẹ̀ á là, omi á wọlé. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó ti pa dé.

Àwọn ará Yúróòpù ti ń ṣe é tipẹ́. Kí ọ̀rúndún 19 tó parí, oníṣẹ́ abẹ ará Austria kan, Alexander von Winiwarter, ti ń fi ìwọ́ra àti aṣọ dídì tọ́jú ẹsẹ̀ wíwú. Àmọ́ àwọn tí orúkọ wọn mọ́ ọ̀nà yìí lára ni Emil Vodder àti Estrid ìyàwó rẹ̀, ará Denmark, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Cannes ní gúúsù Faransé. Àwọn tí òtútù kì í fi sílẹ̀, tí kókó ọrùn wọn wú, ló ń wá bá wọn. Nígbà yẹn, wọn kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan irú kókó bẹ́ẹ̀. Vodder fọwọ́ kàn án, jẹ́jẹ́. Ọdún 1936 ni wọ́n gbé ọ̀nà náà jáde fáyé rí ní Paris. Àwa náà ti ń wọ́ra láyé àwọn baba wa, ti ìyá ọlọ́mọ, ti ẹni tí eegun rẹ̀ yẹ̀, ṣùgbọ́n agbára ló pọ̀ nínú tiwa. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ tiwa ló máa ń pẹ́ kó tó mọ èyí.

Ẹni tí ẹ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn

Mo fẹ́ kí ẹ ka ibí yìí ju gbogbo ìyókù lọ.

Bí apá tàbí ẹsẹ̀ náà bá pọ́n, tó gbóná, tó ń ro ẹni náà, tí ibà tàbí òtútù gbígbọ̀n sì wà níbẹ̀, kòkòrò àrùn ti wọ awọ. Ẹ má wọ́ ọ. Ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, kì í ṣe lọ́la. Apá tó ti wú rí máa ń tètè kó irú èyí, ó sì lè yára.

Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá ṣàdédé wú, tí iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ń ro ó, pàápàá lẹ́yìn ìrìn àjò gígùn, iṣẹ́ abẹ tàbí ìbímọ, ẹ̀jẹ̀ lè ti dì nínú rẹ̀. Bí a bá wọ́ ọ, ẹ̀jẹ̀ dídì yẹn lè já, kó lọ há sínú ẹ̀dọ̀fóró. Bí mímí bá ti wá ń ṣòro, ẹ sáré.

Ẹsẹ̀ méjèèjì tó wú, tí ẹni náà kò lè sùn láìgbé orí sókè, tó ń mí gúlegúle bó bá gun àtẹ̀gùn díẹ̀: ó lè jẹ́ ọkàn. Ojú tó wú láàárọ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀: ó lè jẹ́ kíndìnrín. Omi tí ẹ bá tì kúrò lẹ́sẹ̀, inú ẹ̀jẹ̀ ló ń padà sí. Ọkàn tó ti rẹ̀ ni ẹ ń di ẹrù kún un fún.

Aláboyún tí ẹsẹ̀, ọwọ́ àti ojú rẹ̀ ṣàdédé wú, tí orí ń fọ́ ọ, tí ojú rẹ̀ ń ṣú, ẹ gbé e lọ kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún un pé ọmọkùnrin ló fi ń wú.

Ẹni tó ní gẹ̀gẹ̀, tàbí tí dókítà ti sọ fún pé òpó ẹ̀jẹ̀ ọrùn rẹ̀ kò dáa, kí a fo ọrùn rẹ̀. Ẹni tí jẹjẹrẹ ṣì wà lára rẹ̀ tí kò tíì gba ìtọ́jú, kí dókítà rẹ̀ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. A kì í fọwọ́ kan ojú ọgbẹ́ tí kò tíì jinná, tàbí awọ tí ìtọ́jú iná jẹjẹrẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jó.

Jàbùtẹ̀ náà ńkọ́? Aràn tín-ín-rín tí ẹ̀fọn ń gbé láti ara ẹnì kan sí ara ẹlòmíràn ló ń ba òpó omi yìí jẹ́. Ẹni tó ní in kò tẹ oògùn ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀. Ivermectin àti albendazole tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ ládùúgbò ń pa ọmọ aràn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ lò ó bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ yín. Kò lè dá ẹsẹ̀ tó ti wú tipẹ́ padà. Fún irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọṣẹ àti omi ló ṣáájú ìwọ́ra. Kí a fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, kí a nu àárín ìka àti gbogbo ibi tí awọ ti ká gbẹ dáadáa, kí a tọ́jú ọgbẹ́ tó bá wà níbẹ̀, kí a gbé e lé nǹkan bí a bá jókòó, kí a sì wọ bàtà tí kò há.

Bí ẹ kò bá mọ ibi tẹ́ ẹ máa bẹ̀rẹ̀, ẹ ní kí dókítà kọ ìwé yín sí ẹ̀ka àwọn físíò. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdí-Àbà, Abẹ́òkúta, ní in. Ìgbà kan péré tẹ́ ẹ bá fojú rí i bí wọ́n ṣe ń ṣe é ju ìwé mẹ́wàá lọ, títí kan èyí tẹ́ ẹ ń kà yìí.

Kẹ́ ẹ tó gbé ọwọ́ lé e

Ẹ ra téèpù télọ̀. Kò wọ́n, òun nìkan sì ni ẹlẹ́rìí tí kì í parọ́. Ẹ wọn apá méjèèjì, èyí tó wú àti èyí tó dá, ní ibi kan náà nígbà gbogbo: ọrùn ọwọ́, sẹ̀ntímítà 10 sókè rẹ̀, 20 sókè rẹ̀, bẹ́ẹ̀ títí dé òkè apá. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́. Sátidé la máa ń ṣe tiwa, láàárọ̀, kí Ìyá tó jáde. Kó tó di pé mo ń kọ ọ́ sílẹ̀, gbogbo ọjọ́ ni mò ń sọ pé ó ti ń fà sẹ́yìn, torí ohun tí mo fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ gé èékánná. Ẹ bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà ọwọ́. Ẹ fọ ọwọ́ yín, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ má fi òróró pa á, ẹ má fi òrí pa á, ká má tíì sọ Robb tàbí Aboniki. Bí awọ bá ń yọ̀, ọwọ́ yín á kàn máa fò lórí rẹ̀ ni. Ohun tí a sì fẹ́ ni kí awọ bá ọwọ́ lọ. Ìpara tó ń ta ara tún máa ń pe ẹ̀jẹ̀ wá síbẹ̀, ìyẹn ni omi sí i.

Kí ẹni náà tọ̀ kó tó dùbúlẹ̀, torí ìtọ̀ lè gbọ̀n ọ́n láàárín iṣẹ́. Kó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, kí ìrọ̀rí kan wà lábẹ́ orí, òmíràn lábẹ́ apá tó wú, kí apá náà ga ju àyà lọ díẹ̀. Aṣọ tó fúyẹ́, tó ṣí lọ́rùn. Kí tẹlifíṣọ̀n sinmi.

Bí ọwọ́ ṣe ń lọ

Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lélẹ̀ pẹrẹsẹ, kì í ṣe orí ìka. Ìwúwo rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju èyí tẹ́ ẹ lè gbé lé ìpéǹpéjú ọmọ tó ń sùn láì jí i. Ẹ wá na awọ náà lọ sí ibi tẹ́ ẹ fẹ́ kí omi lọ, títí tí kò fi ní gbà mọ́. Kí ọwọ́ yín má yọ̀ kúrò lójú kan. Lẹ́yìn náà, ẹ dẹwọ́ pátápátá, kí awọ fúnra rẹ̀ padà sípò. Ìdẹwọ́ yẹn kì í ṣe ìsinmi. Ìgbà náà ni òpó ń kún padà. Nà, dẹ̀. Ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta bẹ́ ẹ ṣe ń nà án, ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta bẹ́ ẹ ṣe ń dẹ̀ ẹ́. Bó bá ń yára ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀yin lẹ fẹ́ tètè tán.

Mo tẹ̀ ẹ́ jù fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Ìyá ló tún mi ṣe. Wọ́n ní, "Ìyẹ́ adìẹ la fi ń kọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ọmọ mi, kì í ṣe igi." Ẹni tó bá ti rí wọn níbi tí wọ́n ti ń fi ìyẹ́ kọ ẹ̀kọ láfún sára aṣọ funfun kó tó wọ aró á mọ̀ pé bí ìyẹ́ bá tẹ̀ jù, ìlà á fẹ̀, iṣẹ́ bàjẹ́. Bí awọ bá pọ́n lábẹ́ ọwọ́ yín, ẹ ti tẹ̀ ẹ́ jù. Bó bá dun ẹni náà, ẹ dúró.

Apá tó wú: láti ọrùn títí dé ìka

Ẹ jẹ́ ká sọ pé apá ọ̀tún ló wú, bíi ti Ìyá, tí wọ́n sì ti yọ kókó abíyá ọ̀tún. Ẹni tó bá jẹ́ ti òsì, kó yí gbogbo rẹ̀ padà.

*Èkíní, èémí.* Kí ẹni náà gbé ọwọ́ lé ìdodo, kó fa èémí gba imú títí tí ikùn fi máa gbé ọwọ́ náà sókè, kó tú u jáde lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Lẹ́ẹ̀marùn-ún. Àwọn èèyàn máa ń fẹ́ fo eléyìí. Òpó tó tóbi jù nínú gbogbo wọn, àárín ikùn àti àyà ló gbà lọ sókè, èémí jíjinlẹ̀ ló sì ń fún un níṣẹ́.

*Èkejì, kòtò ọrùn.* Lókè egungun tó dábùú yẹn, kòtò kékeré wà lọ́tùn-ún àti lósì. Ẹ gbé ìka méjì tàbí mẹ́ta lé e pẹrẹsẹ, ẹ na awọ náà wá sísàlẹ̀ sí ìhà ọ̀fun, ẹ dẹ̀ ẹ́. Lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ẹnu gọ́tà nìyí.

*Ẹ̀kẹta, àwọn ibi tí ọ̀nà ṣì ṣí sílẹ̀.* Abíyá ọ̀tún ti dí, a ò rán omi síbẹ̀. Ibi méjì la máa rán an lọ: abíyá òsì, àti ibi tí itan ọ̀tún ti bá ikùn pàdé. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ sínú abíyá òsì, ẹ na awọ rẹ̀ sókè, lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ẹ ṣe bákan náà lókè itan ọ̀tún, kẹ́ ẹ nà án sókè sí ìhà ikùn. Lójú èmi, níbí ni iṣẹ́ yìí wà gan-an, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á sì máa wo yín pé kí lẹ ń wá lápá òsì nígbà tó jẹ́ ọ̀tún ló wú.

*Ẹ̀kẹrin, àyà àti ẹ̀gbẹ́.* Ẹ na awọ òkè àyà lọ sí abíyá òsì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó sún mọ́ abíyá òsì, ẹ bọ́ sí àárín àyà, ẹ wá bọ́ sí ẹ̀bá ọ̀tún, márùn-ún márùn-ún níbi kọ̀ọ̀kan. Bó bá ti kan ọ̀tún, ẹ máa padà gbá a kọjá lọ sí òsì. Lẹ́yìn náà, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún: ẹ bẹ̀rẹ̀ lókè itan, ẹ bọ́ sí ìbàdí, ẹ bọ́ sí egungun ìhà, kí awọ máa nà wá sísàlẹ̀ sí itan nígbà gbogbo. Ẹ ń gòkè, omi ń sọ̀ kalẹ̀. Ọkàn yín á kọ́kọ́ dàrú, ó máa tó mọ́ yín lára.

*Ẹ̀karùn-ún, òkè apá.* Ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí èjìká, kẹ́ ẹ tó bọ́ sí òkè apá. Awọ inú apá, èyí tó kọjú sí ara, ẹ fà á wá sí ẹ̀yìn òde. Ti ẹ̀yìn òde, ẹ fà á gòkè gba orí èjìká kọjá sí àyà. Lẹ́ẹ̀marùn-ún sí méje ní ojú kọ̀ọ̀kan.

*Ẹ̀kẹfà, ìgbọ̀nwọ́ dé ìka.* Ìgbọ̀nwọ́, ìsàlẹ̀ apá, ọrùn ọwọ́, ẹ̀yìn ọwọ́, ìka lọ́kọ̀ọ̀kan. Òkè ni awọ ń nà lọ títí. Bẹ́ ẹ bá ti parí ibì kan, ẹ gbé ọwọ́ gba gbogbo apá kọjá dé èjìká lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, kí omi má baà dúró lójú ọ̀nà.

*Èkeje,* ẹ padà: àyà, abíyá òsì, kòtò ọrùn, èémí márùn-ún. Gbogbo rẹ̀ ń gba bíi ìdajì wákàtí.

Ẹni tó bá dá gbé lè ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ tó dá.

Ẹsẹ̀

Ọ̀nà kan náà ni, mi ò ní tún un sọ lẹ́sẹẹsẹ. Ọrùn, èémí ikùn (ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni níbí, torí inú ikùn ni omi ẹsẹ̀ máa gbà), kókó òkè itan, itan láti òkè wá sísàlẹ̀, kòtò ẹ̀yìn orókún, ẹ̀yìn ẹsẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀, òkè àtẹ́lẹsẹ̀, ìka. Awọ ń nà sókè nígbà gbogbo. Ẹ fi ìrọ̀rí gbé ẹsẹ̀ náà ga. Bí kókó òkè itan yẹn bá ti bàjẹ́ tàbí wọ́n ti yọ ọ́, físíò gbọ́dọ̀ fi ọ̀nà mìíràn hàn yín. Ẹ má dá a rò.

Àwọn aláró tó ń dúró láti òwúrọ̀ dé alẹ́ ní Ìtòkú, àti àwọn tó ń jókòó sídìí ọjà ní Kútọ̀, máa ń bi mí bóyá èyí dára fún ẹsẹ̀ tó ń wú lálẹ́ tó sì ń fà láàárọ̀. Bí dókítà bá ti wo ọkàn, kíndìnrín àti ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò rí nǹkan kan, ìrìn ló kọ́kọ́ dára. Iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ń fa omi ẹsẹ̀ sókè. Ẹni tó bá ń gun òkè Abẹ́òkúta lójoojúmọ́ kò nílò ẹ̀rọ mìíràn. Bẹ́ ẹ bá jókòó, ẹ máa gbé gìgísẹ̀ sókè sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ.

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá wọ́ ọ tán

Bẹ́ ẹ bá wọ́ apá tẹ́ ẹ sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, omi á tún padà wá. Aṣọ tó ń fún apá mọ́ra, èyí tó dà bí ìbọ̀sẹ̀ ṣùgbọ́n tí wọ́n rán fún apá, ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ìwọ́ra ń ràn án lọ́wọ́ ni. Kí ẹni tó mọ̀ ọ́n wọn apá yín kó tó rà á tàbí kó ní kẹ́ ẹ rà á. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló ń le jù, ó ń dẹ̀ bó ṣe ń gòkè. Bẹ́ ẹ bá fi báńdéjì so òkè apá pinpin bí ẹni so gèlè, ẹ ti tún gọ́tà dí nìyẹn. Bí ìka bá ń tutù, tó ń yí àwọ̀ padà, tàbí tó ń kú tipiri, ẹ bọ́ ọ.

Ìsinsìnyí ni òrí lè wá, lórí awọ tí kò ní ọgbẹ́, lálẹ́, nígbà tí a bá ti bọ́ aṣọ náà. Awọ tó gbẹ tó sán ni ẹnu ọ̀nà kòkòrò.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sín gbẹ́rẹ́ sí apá tàbí ẹsẹ̀ tó wú. Mo mọ̀ pé wọ́n máa ní kí ẹ̀jẹ̀ burúkú lè jáde ni. Apá yẹn kò ní agbára láti bá kòkòrò jà bíi tàtijọ́, gbẹ́rẹ́ kan péré lè gbé e dé ilé ìwòsàn. Kòríko gígún, jíjó lídìí ààrò, jíjẹ ẹ̀fọn, gbogbo rẹ̀ ló yẹ ká ṣọ́ra fún. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gba abẹ́rẹ́ tàbí kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, apá kejì ni kẹ́ ẹ nà. Àwọn aláró ayé ìsinsìnyí ń lo kọ́sítíìkì pẹ̀lú aró òyìnbó. Ìyá kì í ti apá bọ inú rẹ̀ mọ́ láìsí ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó gùn dé ìgbọ̀nwọ́. Ìjà ńlá la jà kí wọ́n tó gbà. Wọ́n ní aláró tí ọwọ́ rẹ̀ kò dúdú, ta ló máa gbà pé ó mọ iṣẹ́?

Kí ẹ máa lo apá náà. Kò yẹ kó di ohun tí a gbé kọ́ ọrùn. Ìyá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pípa aṣọ pọ̀ àti nínà án sórí okùn, kí wọ́n tó padà gbé ẹrù tó wúwo, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú aṣọ apá náà lọ́rùn ọwọ́ dé òkè.

Ohun tí wọ́n ń fi tà á

Ẹ máa rí àwọn tó ń pè é ní ìwọ́ra tó ń fọ májèlé kúrò lára, tó ń dín ikùn kù, tó ń mú ojú rẹ́wà. Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ló ń fọ ẹ̀jẹ̀. Ìwọ́ra kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ó lè mú kí ojú tó wú lẹ́yìn oorun fà díẹ̀ fún wákàtí mélòó kan. Ọ̀rá kò bá omi lọ. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ san owó ìgbà mẹ́wàá kẹ́ ẹ lè tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ lo owó náà ra ẹ̀fọ́.

Ohun tó ṣe fún Ìyá kò tó èyí tí wọ́n ń polówó, ó sì pọ̀ lójú tiwa. Apá náà rọ̀. Ó fúyẹ́, wọ́n ń sùn lé e. Láàárín oṣù mẹ́ta, pẹ̀lú ìwọ́ra lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ àti aṣọ apá láti òwúrọ̀ dé alẹ́, ọrùn ọwọ́ wọn fi sẹ̀ntímítà 2 dín. Kò padà di bíi ti òsì. Físíò ti sọ bẹ́ẹ̀ fún wa láti ọjọ́ àkọ́kọ́, pé ohun tí a máa máa tọ́jú ni, bí ẹni ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ní báyìí, ẹ̀ẹ̀mẹta péré lọ́sẹ̀ ni mò ń ṣe é. Ti ọrùn àti èémí, àwọn fúnra wọn ló ń ṣe é nínú ṣọ́ọ̀bù nígbà tí oníbàárà bá ń yẹ aṣọ wò, wọ́n á gbé ìka sí kòtò ọrùn bí ẹni ń ronú lórí iye tó yẹ kí wọ́n tà á. Bí mo bá sì jẹ́ kí Sátidé kan fẹ́ kọjá, fóònù mi á dún kí agogo méje tó lù:

"Téèpù dà?"